Màmá ò mu sìgá rí, àìsàn "amusìgá" ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Màmá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gàrí ni wọ́n ti ń yan kí wọ́n tó bí mi, wọn ò fẹnu kan sìgá rí. Ikọ́ wọn ti pẹ́, àmọ́ lọ́dún yìí wọn ò lè gun òkè ọ̀nà ilé wa mọ́ láì dúró mí. Ọsibítù ní COPD ni (àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú kí mímí ṣòro), pé èéfín ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé àìsàn àwọn amusìgá nìyẹn. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ní irú ẹ̀ kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, pneumonia (òtútù àyà) ni wọ́n kọ sínú ìwé ikú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èéfín àti eruku lásán lè pa èèyàn lóòótọ́? Ọyẹ́ míì sì ti ń bọ̀, kí la máa ṣe?"

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á ti máa dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé: dókítà yẹn ò parọ́ fún yín. Òótọ́ ni pé nílùú òyìnbó, tẹ́ ẹ bá kó ẹni mẹ́wàá tó ní COPD jọ, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn, sìgá ló dá a sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti kọ àwọn ìwé táwa fi kọ́ṣẹ́, ìyẹn lorúkọ sìgá ṣe lẹ̀ mọ́ àìsàn yìí bí àtè. Ṣùgbọ́n tó bá di àwọn ìlú tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó, ohun tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ni pé ti sìgá ò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá. Àwọn tó kù ńkọ́? Èéfín ìdáná wà ńbẹ̀, eruku ibi iṣẹ́ wà ńbẹ̀, ikọ́ ife tí wọ́n ti wò sàn àmọ́ tó ti dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró náà wà ńbẹ̀. Èmi o, tí mo bá rí ìyá àgbàlagbà tí ìmí ń há, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wọ́n kì í ṣe "ṣé ẹ ń mu sìgá", "kí lẹ fi ń dáná" ni.

Ẹ̀yin lẹ mọ ìdí agbada jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi náà ti jókòó níbẹ̀ rí lọ́mọdé, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ẹni tó ń yan gàrí ò lè jìnnà síná. Ààrò amọ̀ wà níwájú, agbada wà lórí ẹ̀, igi tí ò gbẹ dáadáa ń rú lábẹ́, igbá wà lọ́wọ́, ó ní láti máa rò ó kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agbada kó má bàa jó, ooru ẹbu ń bọ̀ sókè, èéfín ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tí atẹ́gùn bá yí padà á fọ́n ọn lé e lójú, á ṣẹ́jú, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò kúrò nínú agbada. Wákàtí mẹ́fà, méje lójúmọ́, fún ọgbọ̀n ọdún, nígbà míì tòun tọmọ lẹ́yìn (ẹ̀yin gan-an lẹ ṣeé ṣe kẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn yẹn). Ẹ gbójú sókè wo páànù orí ahéré yẹn bó ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ohun tó kun páànù yẹn náà ni màmá ń fà símú.

Èyí tẹ́ ẹ sì ń fojú rí yẹn kọ́ ló burú jù. Tẹ́ ẹ bá fa irun orí kan tu, tẹ́ ẹ wá pín ìbú ẹ̀ sọ́nà bíi ọgbọ̀n, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni ohun tá à ń pè ní PM2.5, horo tíntìntín tí ìbú ẹ̀ ò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Eruku tó nípọn, irun imú á gbà á. Èyí tó bá já mọ́ irun imú lọ́wọ́, kẹlẹ̀bẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn irun wínníwínní tó wà níbẹ̀ á máa gbá a bọ̀ sókè títí ẹ ó fi tu ú dànù. Tíntìntín yìí, kò sí ohun tó rí i gbá mú dáadáa. Á lọ títí á fi dé ìdí ẹ̀dọ̀fóró, á jókòó síbẹ̀.

Ẹ ti ra fùkù rí lọ́dọ̀ alápatà, àbí? Ẹ rántí bó ṣe máa ń rọ̀, tẹ́ ẹ bá jù ú sínú omi á léfòó, torí atẹ́gùn ló kún inú ẹ̀. Ti èèyàn náà bẹ́ẹ̀ ló rí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù àpò kéékèèké tí ògiri wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, inú àpò yẹn ni afẹ́fẹ́ tó dáa ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Tí horo èéfín bá balẹ̀ síbẹ̀, ara á rán àwọn ṣọ́jà ẹ̀ jáde kí wọ́n wá gbé e mì. Wọ́n á gbé e mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè dà á, inú wọn á wá bàjẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da kẹ́míkà sílẹ̀, kẹ́míkà yẹn ò mọ èéfín yàtọ̀ sí ẹran ara, ògiri àpò ló ń jẹ. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń yìnbọn láàárín ọjà torí olè kan ṣoṣo. Àpò mẹ́wàá á ya di ọ̀kan, kò ní lè fà kó sì sún kì mọ́, ojú ọ̀nà atẹ́gùn náà á wú, kẹlẹ̀bẹ̀ á pọ̀ sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa COPD ni pé kì í ṣe pé atẹ́gùn ò wọlé, kò jáde tán ni. Tẹ́ ẹ bá bi màmá dáadáa, wọ́n lè sọ fún yín pé "àyà mi kún". Wọ́n sọ òótọ́, ó kún.

Kì í wá ṣe igi nìkan o. Dísù ọkọ̀ tó ń rú túù lójú títì, jẹnẹrétọ̀ tí aládùúgbò gbé sábẹ́ fèrèsé yín, bọ́lá tí wọ́n ń jó lẹ́yìn ilé, taya tí wọ́n fi ń wì pọ̀nmọ́, horo kan náà ló ń ti inú gbogbo wọn jáde. Ìwọ̀n tí WHO fọwọ́ sí látọdún 2021 ni máíkírógíráàmù 5 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tá a bá pín ti ọdún kan dọ́gba. Nínú ìwádìí tí World Bank ṣe nípa Èkó, 68 ni wọ́n rí. Wọ́n ṣírò pé afẹ́fẹ́ yẹn pa èèyàn bíi 11,200 ṣáájú ọjọ́ wọn lọ́dún 2018 nìkan, ọmọdé tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ilé ìdáná onígi tí ò ní ojú fèrèsé, ó máa ń fi ìlọ́po-ìlọ́po ga ju ti títì Èkó lọ, ìyẹn ni mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́nì kan bá sọ pé abúlé lòun ń gbé, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ẹ ní ṣé ó lè pààyàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà méjì ló ń gbà pa á, méjèèjì la sì máa ń pa pọ̀ bíi pé ọ̀kan ni. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, jíjẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tí Ọlọ́run fún wa pọ̀ ju ohun tá à ń lò lójoojúmọ́ lọ, àwọn kan wà tí wọ́n ti gé odindi apá kan dànù fún tí wọ́n ṣì ń rìn káàkiri. Àṣẹ́kù yẹn ni èéfín ń jẹ fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n á ní àgbà ló dé. Ọjọ́ tí àṣẹ́kù tán lèèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé òkè ọ̀nà ilé ga.

Ìkejì ló wá ń parí ẹ̀. Ẹni tí àṣẹ́kù ẹ̀ ti tán, tí afẹ́fẹ́ bá wá burú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta péré, ojú ọ̀nà tó ti fún tẹ́lẹ̀ á tún wú sí i, kẹlẹ̀bẹ̀ á dí i, àwọn kòkòrò àìsàn á rí ibi jókòó sí torí àwọn ṣọ́jà ara ti rẹ̀, atẹ́gùn tó ti lò á há sínú, ọkàn á máa sáré kó lè ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró yẹn kọjá. Èmi àti ẹ̀yin, nínú afẹ́fẹ́ kan náà, a kàn máa wúkọ́ ni. Òun, ó lè gbé e lọ. Ìyẹn náà ló fà á tí ikú yìí fi máa ń dà bí ikú òjijì lójú ẹbí, "àná ni wọ́n ṣì jẹun", bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lọ́nà.

Ibi tí ayé ti rí i kedere jù ni Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kejìlá 1952. Òtútù mú, gbogbo ilé ń jó èédú ilẹ̀, atẹ́gùn dúró, afẹ́fẹ́ gbígbóná wá bo ìlú lórí bí ọmọrí ìkòkò, èéfín ò rí ibi gbà lọ láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn lọ́sàn-án gangan, wọ́n dá eré opera dúró ní Sadler's Wells torí àwọn tó jókòó ò rí orí ìtàgé mọ́, kódà màlúù tí wọ́n kó wá síbi ìpàtẹ ẹran ń ṣubú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iye àwọn tí bronchitis, àìsàn tó ń mú kí ojú ọ̀nà atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró wú, pa fi bíi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjọba kọ́kọ́ ka òkú bíi 4,000. Àmọ́ àwọn èèyàn ò dáwọ́ ikú dúró lóṣù January àti February, ìjọba bá ní fílú ni. Bíi àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà làwọn olùwádìí tún ìwé yẹn yẹ̀ wò, wọ́n ní fílú kan ò lè pa tó bẹ́ẹ̀, pé òkú yẹn á tó 12,000.

Mo mú ìyẹn wá torí bàbá àdúgbò yín. Wọn ò parọ́ nínú ìwé ikú yẹn, òtútù àyà lè jẹ́ ohun tó kángun sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ, wọn kì í kọ ohun tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ ò ní rí "èéfín" nínú ìwé ikú ẹnì kankan nílẹ̀ yìí. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọdún 2020 ni adájọ́ tó ń wádìí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, fún ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ásímà pa lọ́dún 2013, etí títì South Circular ní Lewisham nilé wọn wà. Ọdún méje ni ìyá ẹ̀ fi jà kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lágbàáyé ṣá, WHO ní COPD pa èèyàn mílíọ̀nù 3.5 lọ́dún 2021, òun ló ṣìkẹrin nínú ohun tó ń pààyàn jù, tó bá sì jẹ́ ti àwọn ìlú bíi tiwa, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ikú yẹn, èéfín inú ilé ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo èyí já yín láyà, torí apá tó dùn mọ́ mi jù rèé. Tí èéfín bá dín, ikú máa ń dín, wọ́n ti rí i. Dublin fòfin de títa èédú tó ń rú èéfín ní ọjọ́ kìíní oṣù September 1990, èéfín dúdú já wálẹ̀ bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ikú àìsàn èémí náà sì fi bíi ìdá 15 dín kù. Èyí tó jọ ti màmá yín gan-an ni ti Xuanwei, ní ìpínlẹ̀ Yunnan ní Ṣáínà. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n, inú ilé ni wọ́n ti ń dá iná èédú ilẹ̀, láàárín yàrá, kò sí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Wọ́n wá ṣe ààrò tó ní símínì fún wọn, èédú kan náà o, oúnjẹ kan náà, símínì nìkan ló lé. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé iye èèyàn tó lé ní 20,000 láti 1976 títí di 1992: COPD fi ìdá 42 dín láàárín àwọn ọkùnrin, ìdá 25 láàárín àwọn obìnrin. Àmọ́ bíi ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn símínì kó tó hàn kedere. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró màmá ò ní padà sípò, mi ò ní tàn yín, ohun tá a fẹ́ ni kí èyí tó kù má lọ, àti kí ọjọ́ burúkú má bá wọn lójú iná.

Ọyẹ́ ni irú ọjọ́ burúkú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Eruku yẹn ń ti Sàhárà bọ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti Bodélé ní Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ. Eruku nìkan kọ́ ló ń bá wa o, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń jó igbó, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ sì máa ń wúwo débi pé èéfín alẹ́ àná ṣì wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá jí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti màmá. Wọn ò ní fẹ́ fi gàrí sílẹ̀, mo mọ̀, owó ibẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ yín. Àmọ́ ìdí agbada ni kí wọ́n kúrò, kí ẹlòmíì máa yan, kí wọ́n máa bó gbágùúdá, kí wọ́n máa bójú tó títà. Ẹni tó wá jókòó síbẹ̀ dípò wọn, ẹ má fi tiẹ̀ náà ṣòfò: ẹ ní kí bíríkìlà mọ ògiri sáàárín, kí ẹnu iná wà ní ìta, kí ẹni tó ń ro gàrí wà lódì kejì, kí símínì sì ga kọjá páànù. Kò le, mo ti rí i níbi tí wọ́n ti ṣe é, igi tí wọ́n ń jó gan-an dín kù.

Nílé, gáàsì ló dáa jù tí owó bá ká a. Èédú kì í rú bí igi ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wọnú yàrá láéláé, gáàsì olóró tó ń ti inú ẹ̀ jáde lè pa gbogbo ilé mọ́jú. Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Ẹ̀yin náà ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá lálẹ́ òní, ó dá mi lójú pé kọ́ìlì ẹ̀fọn wà ńbẹ̀. Àwọn tó wọn èéfín ẹ̀ rí i pé ẹyọ kọ́ìlì kan tó jó tán ń tú PM2.5 tó tó ti sìgá 75 sí 137. Màmá tí ò mu sìgá rí! Ẹ ra nẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, kí wọ́n dúró sínú ilé láàárọ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a. Ìbòmú aláṣọ ò fi bẹ́ẹ̀ gba PM2.5 dúró, N95, ìbòmú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, ló ń gbà á, ṣùgbọ́n ó ń mú kí èémí wúwo, tí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí wọ́n bọ́ ọ. Kí òtútù tó dé, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fílú àti ti òtútù àyà. Tí ìmí bá há, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ọwọ́ ti orúnkún, kí wọ́n fà á símú, kí wọ́n wá tú u jáde láti ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, atẹ́gùn tó há sínú yẹn á ráyè jáde.

Tí wọ́n bá fún wọn ní ínhélà, òògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu kó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ńkọ́? Nínú àwọn àgbà mẹ́wàá tí mo bá ní kí wọ́n fi hàn mí, àwọn tó ń lò ó dáadáa ò pọ̀, ọ̀fun ni wọ́n ń fín in sí bíi ẹni ń fín páfúùmù. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fún yín ní spacer, ike tó ń gba òògùn dúró láàárín ínhélà àti ẹnu, tí ò bá sí, ike omi kékeré tí wọ́n gé ìdí ẹ̀ kó bá ẹnu ínhélà mu náà ń ṣiṣẹ́, kí nọ́ọ̀sì ṣáà fi bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é hàn yín.

Tí ètè bá dúdú, tí wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán, tí oorun tí ò yé yín bá ń gbé wọn, tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá já gaara mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ọsibítù ni. Tí wọ́n bá fún wọn ní ọ́síjìn níbẹ̀, ẹ rán wọn létí pé COPD ni, ìdá 88 sí 92 lara ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó wọn, kí wọ́n má lé e dé 100 torí àpọ̀jù ọ́síjìn lè ṣe àwọn kan nínú wọn ní jàǹbá. Ẹ má tijú láti sọ ọ́.

Ohun kan ló kù tí ẹ ò sọ fún mi. Ṣé wọ́n ní kí màmá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ spirometry tó ń wọn agbára èémí, àbí etí lásán ni wọ́n fi gbọ́ àyà wọn? Ṣé wọ́n yẹ kẹlẹ̀bẹ̀ wọn wò fún ikọ́ ife? Tí wọn ò bá tíì ṣe méjèèjì, ẹ padà lọ bèèrè fún un. Nọ́ńbà méjì ló máa wà lórí ìwé spirometry yẹn, FEV1 (iye atẹ́gùn tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́) àti FVC (gbogbo èyí tó jáde pátá), ẹ fi èkejì pín èkíní, tó bá dín sí 0.7 lẹ́yìn tí wọ́n ti fín ínhélà, COPD ni lóòótọ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ fi gíga wọn àti ọjọ́ orí wọn kún un, a ó wá mọ ibi tó dé dúró.